Ó Yẹ Kí Ará Ìgbèríko Náà Rí Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Bàbá Wọn

Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 títí wọ oṣù kìíní ọdún 2023 ni a fi pàtẹ àwọn ère tí olóògbé Moshood Olúṣọmọ Bámigbóyè gbẹ́ sí ilé iṣẹ́ ọnà ti Yunifásítì Yale, ní ìlú New Haven, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọmọ Odò-Ọwá ni Bámigbóyè, ní apá ibi tí àwọn Èkìtì ń gbé ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ó sì di olóògbé ní ọdún 1975. Ilé iṣẹ́ ọnà Yale kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbá òpópónà ní New Haven lè fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ara ògiri, kí ó sì wọlé lọ wo ìbòrí Ẹpa tí a gbẹ́ ní Odò-Ọwá, láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Odò-Ọwá tí bàbá rẹ̀ gbé irú ìbòrí bẹ́ẹ̀ jó kò rí i, nítorí ìpàtẹ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

A kò sọ èyí láti fi bá àwọn ará Yale jà. Ohun tí ó dára ni wọ́n ṣe. Wọ́n yọ orúkọ ọkùnrin kan kúrò nínú òkùnkùn, wọ́n sì bọlá fún un, èyí tí ó yẹ kí àwa fúnra wa ti ṣe kí ẹlòmíràn tó rántí. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ tí ó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wẹ̀, tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, tí ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ní ara ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú adé, òyìnbó aṣojú ìjọba sì ń bọ̀ wá kí i, àwọn arẹrù gbé e. Ní ọdún 1924 ni a gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn aláṣẹ British Museum rí i, ó wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ pé kí Ògògà fi í sílẹ̀ fún wọn. Ọba gbà, a sì kan àga ìtẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a fi í ṣe pàṣípààrọ̀. Kò sí olè nínú rẹ̀, kò sì sí ogun. Ilẹ̀kùn lọ, àga bọ̀. Ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí lè fúnra rẹ̀ ṣe ìdájọ́ ẹni tí ó jèrè nínú òwò náà. Nígbà tí ó sì di ọdún 1998, ní Washington ni a tún ti ṣe ìpàtẹ tí ó jẹ́ ti Ọlọ́wẹ̀ nìkan, lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́ta ọdún tí ó ti kú.

Bí a bá béèrè ìdí tí irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀ kì í fi í dé ìgbèríko, èsì tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ará oko kò bìkítà fún iṣẹ́ ọnà. Pé oúnjẹ àti ọ̀nà mọ́tò ni ó ń wá. Ọ̀rọ̀ àìmọ̀kan ni èyí. Òótọ́ ni pé ó ń wá oúnjẹ àti ọ̀nà mọ́tò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ́ mùsíọ́mù àkọ́kọ́ sí orílẹ̀-èdè yìí ni àwọn ará Èkìtì àti Ìgbómìnà ti ń ṣe ìpàtẹ tiwọn.

Kí ni ọdún Ẹpa bí kì í bá ṣe ìpàtẹ? Ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Láti ara ìtì igi kan ṣoṣo ni agbẹ́gilére ti ń yọ ìbòrí náà: ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ìkòkò tí a gbẹ́ ojú sí, òkè rẹ̀ sì jẹ́ odindi àwùjọ ènìyàn, jagunjagun lórí ẹṣin, tàbí ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n tí òmíràn sì kúnlẹ̀ tì í, tàbí oníṣègùn pẹ̀lú ọ̀pá Ọ̀sanyìn rẹ̀. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ le ni a ń fi í lé lórí. Yóò gbé e jó yí agbo ká ní ojú gbogbo ìlú, yóò sì fò gun òkìtì tí a mọ sí àárín agbo. Bí ó bá fò ó láìṣubú, inú ará ìlú a dùn, nítorí wọ́n gbà pé ire ni ó ń bọ̀. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tàgbà tèwe ni ó ń wo iṣẹ́ agbẹ́gilére láti iwájú àti láti ẹ̀yìn, nínú oòrùn, nígbà tí ó ń yí tí ó sì ń mì. Wọn a máa fi wé ti èṣí. Wọn a máa fi wé ti ìlú kejì. Àwọn àgbà a máa sọ pé ti ọ̀gá rẹ̀ dára jù ú lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń sọ ní gbogbo ìgbà. A kò mọ ìlú òyìnbó kan tí gbogbo ará ibẹ̀, láti orí ọba dé orí alágbàro, ti ń jáde wò iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ fún wa pé ará ìgbèríko kò mọ ìpàtẹ.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀ràn kánjúkánjú ni pé àwọn tí ó lè ka àwọn ère wọ̀nyí bí ẹni ka ìwé ń kú lọ. Ẹni tí ó bá ti wọ mùsíọ́mù òkè òkun, tàbí ti ilé wa níhìn-ín pàápàá, yóò ti rí i bí ó ti wọ́pọ̀ tó pé kí a kọ sí ẹsẹ̀ ère pé a kò mọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Òǹkọ̀wé ni kò mọ̀ ọ́n. Agbẹ́gilére ní ọwọ́ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ti ní ọwọ́ tirẹ̀: bí ó ti ń gé etí, bí ó ti ń yọ ìpéǹpéjú, bí ó ti ń fín irun, bí ó ti ń kọ ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Arúgbó tí ó gbọ́n nínú iṣẹ́ náà lè wo etí kan kí ó sì sọ agboolé tí ère ti wá. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ère wọ̀nyí, a kò wo ilé kan kí a tó sọ wọ́n ní aláìlórúkọ.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ní ọdún 1988, àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú Ọlọ́wẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láàyè ní Ìsẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, lọ bá a, ìyá àgbàlagbà náà sì ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí, ó ka àwọn iṣẹ́ tí ó ṣe àti àwọn ibi tí ó ti ṣe wọ́n. Inú oríkì yẹn ni púpọ̀ nínú ohun tí ayé mọ̀ nípa Ọlọ́wẹ̀ lónìí ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún díẹ̀ sí i ni àlejò náà fi pẹ́, ìmọ̀ náà ìbá ti bá ìyá náà wọ ilẹ̀. Mélòó ni irú ìyá bẹ́ẹ̀ tí ó ti bá tiwọn wọ ilẹ̀ ní Òsì, ní Odò-Ọwá, ní Ìlá, ní Ọ̀mù-Àrán, tí ẹnikẹ́ni kò fi ère kan hàn wọ́n kí ó bi wọ́n léèrè? Èyí ni a fi sọ pé bí a bá gbé ère wá sí ìgbèríko, kì í ṣe àánú ni a ṣe fún ará ibẹ̀. Mùsíọ́mù gan-an ni ó nílò ojú wọn.

A dúpẹ́ pé kò sí ìdí láti wá ibi tí a óò ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà. Èsìẹ́ wà níbẹ̀. Ìlú Ìgbómìnà ni, kò jìnnà sí Òró àti Ọ̀mù-Àrán, ibẹ̀ ni a sì ti dá mùsíọ́mù àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1945. Ó ṣáájú ti Jọ́ọ̀sì tí a ṣí ní ọdún 1952, ó ṣáájú ti Ifẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ní 1954, ó sì ṣáájú ti Èkó tí ó di ti 1957. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ìlú ńlá gbọ́ èyí dáadáa: inú ìgbèríko ni mùsíọ́mù ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa.

Àwọn ère òkúta ni ó fa kíkọ́ rẹ̀. Wọ́n ju ẹgbẹ̀rin lọ, òkúta rírọ̀ kan tí irin lè fín ni a fi ṣe wọ́n. Àwọn kan kò ju kí ọmọdé gbé wọn lọ́wọ́ lọ, àwọn mìíràn sì ga ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin sì wà. Ọ̀pọ̀ jókòó lórí àpótí, wọ́n wọ ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n di irun oríṣìíríṣìí. Àwọn kan mú idà tàbí ohun ìjà mìíràn dání, àwọn kan ń lu ohun èlò orin. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣẹ́, orí àwọn mìíràn sì ti kúrò lọ́rùn. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Àwọn onímọ̀ ti wá, wọ́n ti wú ilẹ̀, wọ́n ti wọn òkúta, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àwọn báyìí ni ó gbẹ́ wọn. Ní ọdún 1933 ni ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., rí wọn nínú igbó tí ó sì jẹ́ kí ìjọba mọ̀. Àwọn ará Èsìẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá wọn rí i. Wọ́n ti ń bọ wọ́n, wọ́n sì ń ṣe Ọdún Ère fún wọn tipẹ́tipẹ́, ọdún náà sì ń bẹ títí di ìsinsìnyí.

Ohun tí ó jọ wá lójú nínú ìtàn Èsìẹ́ ni pé a kò kó àwọn ère náà lọ. Ìbá rọrùn fún ìjọba ìgbà náà láti kó èyí tí ó dára jù nínú wọn lọ sí Èkó tàbí sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó sì fi èyí tí kò lórí sílẹ̀ fún onílé. Wọ́n kọ́ ilé fún wọn níbi tí wọ́n wà. Ọgbọ́n tí ó wà nínú ìpinnu yẹn ni a fẹ́ kí àwọn aláṣẹ òde òní tún fi ọwọ́ mú.

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí Àjọ tí Ìjọba Àpapọ̀ yàn láti máa bójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara, máa ṣe ìpàtẹ kan ní Èsìẹ́ lọ́dọọdún ní àkókò Ọdún Ère, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní ẹ̀yìn odi ń padà wálé. Kí a máa yá ère láti inú ìṣúra mùsíọ́mù Èkó. Olóògbé Kenneth Murray àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ kó ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà níbẹ̀ jọ láti ìlú àti abúlé. Kò lè jẹ́ gbogbo wọn ni a ń fi hàn ní Èkó ní ìgbà kan náà. Ère tí ó wà nínú yàrá tí a tì pa kò ṣe ẹnikẹ́ni ní oore. Kí ìpàtẹ àkọ́kọ́ jẹ́ ti Bámigbóyè, kí èkejì jẹ́ ti Aréògún ará Òsì, ẹni tí ó kú ní ọdún 1954, kí a sì mú Ọlọ́wẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Níbi tí a kò bá ti lè rí ère fúnra rẹ̀ yá, kí a fi àwòrán rẹ̀ tí ó tóbi tó ènìyàn síbẹ̀. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sàn ní àwòrán ju kí ọmọ Èkìtì má mọ̀ pé ó wà lọ.

Kí a kọ gbogbo àlàyé ní èdè Yorùbá, kí ó ṣáájú, kí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Kí a fi àga sí iwájú ère kọ̀ọ̀kan fún àwọn arúgbó, kí ọ̀dọ́ kan tí ó mọ ìwé kọ jókòó tì wọ́n, kí ó máa fi ẹ̀rọ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí a padà fi kún àkọsílẹ̀ tí ó wà ní Èkó. Kí agbẹ́gilére kan sì wà ní àgbàlá pẹ̀lú àáké àti ọ̀bẹ rẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè rí bí igi ti ń di ojú. Àwa kò gbàgbọ́ pé ọmọ tí a bá tò ní ẹsẹ kan, tí a mú kọjá níwájú gíláàsì, tí a sì kìlọ̀ fún pé kí ó má sọ̀rọ̀, lè jèrè ohun kan níbẹ̀ ju òùngbẹ lọ.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé olè ń bẹ. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, a kò sì ní fi ojú kéré rẹ̀. Ní ọdún 1994 ni àwọn olè fọ́ mùsíọ́mù Ifẹ̀ tí wọ́n sì kó orí àtijọ́ lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìlú ńlá ni Ifẹ̀, ilé ìjọba ni mùsíọ́mù náà, olè sì wọ ibẹ̀. Kì í ṣe bí ìlú ti kéré tó ni ó ń pe olè; àìsí ìṣọ́ ni. Ní ìlú kékeré tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, àjèjì tí ó bá ń yí ilé ìpàtẹ ká ní òru kò ní pẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n. Kí a fi ọlọ́pàá tì í, kí a sì fi àwọn ọdẹ ìlú kún un. Kí gbogbo ère tí a bá yá ní àwòrán àti nọ́ńbà kí ó tó kúrò ní Èkó, kí ẹni tí ó gbà á fi ọwọ́ sí ìwé. Ará ìlú pẹ̀lú ní ìpín tirẹ̀ láti ṣe. Láti ọdún 1953 ni òfin ti wà tí ó lòdì sí kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè láìgba àṣẹ, síbẹ̀ àwọn kan wà tí wọ́n ń fi òru ta ère bàbá wọn fún àwọn oníṣòwò. Bí irú wọn bá rí ọgọ́rùn-ún ọmọdé tí wọ́n jáde wá wo ère kan ṣoṣo, bóyá wọn yóò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń tà kì í ṣe igi ìdáná.

Àtakò kejì ni ti ẹ̀sìn. Onígbàgbọ́ kan yóò sọ pé ìbọ̀rìṣà ni a fẹ́ mú padà wá, Mùsùlùmí kan yóò sì sọ pé ère kò tọ́. A bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí ọkàn àwọn méjèèjì. A kò sì ní kí ẹnikẹ́ni wá forí balẹ̀ fún igi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì. Ní ọdún 1947 ni ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ níbẹ̀, lábẹ́ àwọn àlùfáà tí Fadá Kevin Carroll jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bándélé, ọmọ Aréògún, wá gbẹ́nà níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni tí ó jáde láti ìdílé tí a ti ń gbẹ́nà láti ìran dé ìran, sì wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Mùsùlùmí ni Lámídì, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù títí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún 2009, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ wọ ilé Ọlọ́run kò sọ tiwọn nù. Moshood tí Bámigbóyè ń jẹ́ pàápàá, orúkọ Mùsùlùmí ni. Àwọn bàbá wọ̀nyí mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọnà àti ìbọ. Kí àwa ọmọ wọn má ṣe fi ohun tí kò dí wọn lọ́wọ́ di ìdènà.

Ní ti owó, a kò bèèrè ààfin. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni a ṣí ilé àṣà Yorùbá tí a fi orúkọ John Randle pè, ní Oníkàn, ní Èkó. Inú wa dùn sí i, ó sì yẹ Èkó. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ti ní mùsíọ́mù kò nílò òmíràn; ọkọ̀ tí ó le, àpótí tí a fi tìmùtìmù tẹ́ nínú, owó ìdíyelófò, oúnjẹ àwọn olùṣọ́ àti epo ẹ̀rọ amúnáwá ni ó kù. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń dá owó kọ́ gbọ̀ngàn ìlú, tí wọ́n sì ń pe olórin wá láti ọ̀nà jíjìn fún ayẹyẹ òru kan, lè gbé ìdajì rẹ̀ láìmikàn.

Kí Ìjọba Kwara kọ ìwé sí Àjọ náà nínú oṣù yìí. Kí Elésìẹ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ sọ ọjọ́ tí Ọdún Ère tí ó ń bọ̀ yóò bọ́ sí fún wọn, kí àwọn olùkọ́ ilé ìwé Òró, Ọ̀mù-Àrán àti Odò-Ọwá sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọn yóò kó wá. Bí ère mẹ́wàá péré ni Èkó bá lè yọ̀ǹda ní ọdún àkọ́kọ́, kí a gbà á bẹ́ẹ̀, kí a sì rí i pé ti Bámigbóyè wà nínú wọn.